Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọba Ilẹ̀ Okun: Ẹ Bá Wa Gbé Ìtìjú Kúrò Lórí Ẹni Tí Ayé Sú

Ẹ̀yin Kábíyèsí, Ọbaro ti Kabba, Olújùmú ti Ìjùmú, Àgbànà ti Ìsánlú, Elúlú ti Mọpà, àti gbogbo ẹ̀yin orí adé tó kù láti Ìyàgbà dé Búnú, láti Ìjùmú dé Òwòrò, ní ilẹ̀ Yorùbá ti Ìpínlẹ̀ Kogi, mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Okun o, ẹ̀yin baba wa. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe to orúkọ yìí kò túmọ̀ sí pé mo gbé ọba kan ga ju èkejì lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn di ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ Ìyàgbà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń gba ẹ̀mí ara wọn ni mo bá wá, àti ti àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, tí wọ́n ń rò ó lọ́wọ́ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo láti gbé wá síwájú adé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ lórí ohun kan tí dókítà kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, tí ìjọba kò ní, tí pásítọ̀ àti ìmáàmù pàápàá kò ní tán. Ohun náà ni ìtìjú. Ohun tí ìlú bá kà sí ẹ̀gàn, ẹ̀yin lẹ lè ní kó má jẹ́ ẹ̀gàn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé. Ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n á ti máa sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Nọ́ọ̀sì, àṣìṣe ni o, àṣìṣe ni." Bí a bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á wo ara wọn lójú, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn á wá dáhùn lọ́rọ̀ méjì péré. Bí Ọlọ́run bá yọ ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti máa bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn gbé e lọ, kí ará àdúgbò má baà rí àwọn. Wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní abúlé mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò wá kí i níbẹ̀. Ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, gbogbo àdúgbò á rọ́ wá pẹ̀lú ọsàn àti mílíìkì, wọ́n á gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí ìbànújẹ́ fẹ́ pa, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á dá páropáro. Bẹ́ẹ̀, àwọn oṣù tó tẹ̀ lé irú òru yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí wà nínú ewu ju ẹni tí kò ṣe é rí lọ, ìgbà náà ni a sì ń fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn bí 727,000 ló gba ẹ̀mí ara wọn káàkiri ayé. Nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ló ṣe ìkẹta. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikú wọ̀nyí ló ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, irú tiwa. Àwọn tó ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé ọmọ Yorùbá kì í ronú irú rẹ̀, wọn kò tíì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa lóru. Iye tiwa ní Kogi, ìtìjú ló bò ó mọ́lẹ̀, nítorí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin baba wa, ẹ mọ ohun tí àṣà ní kí a ṣe sí òkú irú rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, òkú náà kì í wọlé. Inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba, wọn kì í ṣe òkú rẹ̀, àwọn ẹbí yóò sì ra ohun ètùtù tí wọ́n bá dá fún wọn kí ilẹ̀ lè tutù. Àwọn ìlú kan ti fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe é síbẹ̀, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Bí ọmọ ilé náà bá fẹ́ gbéyàwó ní ogún ọdún sí i, àwọn tó ń wádìí ìdílé yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti pa ara rẹ̀ rí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹbí fi ń purọ́ fún nọ́ọ̀sì, fún dókítà, fún ọlọ́pàá, tí àwọn náà sì wá gba irọ́ ọ̀hún gbọ́. Opó kan sọ fún mi pé látìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó bá òun kẹ́dùn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi òun ni pé kí ni òun fi ṣe ọkùnrin náà.

Mo mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa ní lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rù ba alààyè, kí ẹni tó ń rò ó lè rántí igbó àti ètùtù kó sì fọwọ́ wọ́nú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó yè é sọ fún mi yàtọ̀. Nígbà tí ìrora náà bá dé góńgó, ènìyàn kì í rántí ibi tí wọ́n máa sin òun sí. Ẹ̀rù yẹn kì í mú ẹni tó ti dé etí bèbè. Ẹni tó ṣì lágbára láti sọ̀rọ̀ ló ń mú, ọmọ tí ì bá lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kó ní, "Màámi, èrò kan ń wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí." Ìtìjú á dí i lẹ́nu. Ọjọ́ tí a bá máa gbọ́, ó ti pẹ́ jù.

A sì ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹnu akọni tó ń lọ sógun ló ti yẹ ẹ́. Lónìí, òwe yìí ń dún létí ọmọ tó kùnà nínú JAMB lẹ́ẹ̀kẹta, létí obìnrin tí ọkọ lé jáde, létí ọkùnrin tó yá owó lórí fóònù tí àwọn ayánilówó sì ń ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé olè ni. Wọn kò sí lójú ogun. Bí ọba bá dìde lọ́jọ́ ọdún ìlú, tí àwọn ọmọ wa ti Èkó àti Àbújá ti dé, tó wí ní gbangba pé, "Ní ìlú tèmi, kò sí ẹ̀sín tó tó ikú, ẹni tí ojú ń tì, kó wá bá mi," ọ̀rọ̀ náà yóò dé yàrá tí oògùn wa kò dé.

Ìdí tí ènìyàn fi ń dé ibẹ̀ pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìsoríkọ́ wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ àìsàn gidi bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, tó ń gba oorun, tó ń gba oúnjẹ, tó ń sọ fún ènìyàn láti inú ara rẹ̀ pé kò wúlò. Ọtí wà níbẹ̀. Ìrora ara tí kò lọ bọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, gbèsè, ìyà nínú ilé, ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀. Ní tiwa, ẹ fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ lówó oṣù títí ojú wọn fi wọlé kún un, àti àwọn àgbẹ̀ wa tí ajínigbé lé kúrò lóko tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn gbìn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ayé ló ń ṣe é tàbí èpè. Ẹni tó gbà pé èpè ni, kó ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní kó ṣe. Kó ṣáà má fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan lóru ọjọ́ yẹn, kó sì gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìjòyè yín mọ̀ nìyí: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò fẹ́ kú. Wọ́n fẹ́ kí ìrora náà dáwọ́ dúró, wọn kò sì rí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ọkàn méjì ni wọ́n ní títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ìgbóná èrò náà sì máa ń lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀, bí ẹnì kan bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tí wọn kò kú, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, rí i pé nínú ẹni mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án ni kò fi ọwọ́ ara wọn kú mọ́ títí ayé. Nítorí náà, ẹni tí a bá gbà lóru kan, ó ṣeé ṣe kí a ti gbà á pátápátá.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Wọ́n ń sọ ọ́. Àwa ni a kì í gbọ́. Wọ́n á ní, "Ayé ti sú mi." Wọ́n á ní, "N kò ní dààmú yín mọ́ láìpẹ́." Wọ́n á ní, "Ẹ ó wá mi tì." Bàbá kan á ṣàdédé máa pín ẹrù rẹ̀, á máa fi ọmọ lé àbúrò lọ́wọ́, á lọ san àwọn gbèsè kéékèèké, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti bára wọn jà tipẹ́. Obìnrin tó ń ṣe ẹgbẹ́ akọrin kò ní wá mọ́, kò ní pa irun mọ́, bí ẹ bá kàn án lára, á ní ó rẹ òun. Ọ̀dọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí mu ọtí bí ẹni ń lé nǹkan. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ti ẹni tó ti ń banú jẹ́ fún oṣù púpọ̀ tí ara rẹ̀ wá ṣàdédé balẹ̀, tí ojú rẹ̀ tutù. Ẹbí á ní àdúrà ti gbà. Nígbà mìíràn àdúrà ti gbà lóòótọ́. Nígbà mìíràn ó ti pinnu ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní "ó ń díbọ́n ni, ó kàn fẹ́ kí a wo òun ni." Bí ó bá fẹ́ kí a wo òun, ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Èyí tó kàn ṣòro fún ẹnu Yorùbá, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ bi í. Ẹ bi í ní tààrà. A máa ń bẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀ kò fi hàn bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá bi ẹni tó ń rò ó, ara sábà máa ń fúyẹ́ fún un, nítorí ẹrù tó ń dá gbé, ẹlòmíì ti bá a fọwọ́ kàn án. Ẹ mú un lọ sí ibi tí ènìyàn kò sí, ẹ jókòó, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ lè sọ pé, "Àbúrò mi, mo rí i pé inú rẹ kò dùn láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti lọ. Ṣé ó ti débi tí o fi ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni iṣẹ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má bú u, ẹ má sọ ọ̀run àpáàdì fún un, ẹ má sì ní kó wo àwọn tó burú jù ú lọ. Ẹ béèrè bóyá ó ti ní ohun tó fẹ́ fi ṣe é lọ́kàn, àti ìgbà tó fẹ́ ṣe é. Bí ó bá ti ní i lọ́kàn, ilé ìwòsàn yá lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan kí ẹ tó débẹ̀, àní bó fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Bí ó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé ẹ kò lè ṣèlérí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ó jọ yan ẹni tí ẹ máa sọ fún. Kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ilẹ̀ wa kún fún ìjọ. Láti ìgbà tí Tommy Titcombe, òyìnbó míṣọ́nárì, ti dé Egbé ní 1908, ìjọ ló kọ́ wa níwèé, òun ló kọ́ ilé ìwòsàn fún wa. Nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún àwọn pásítọ̀ àti àwọn fádà ìlú yín kí wọ́n rántí wòlíì Èlíjà. Ó sá fún Jésébélì, ó jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì ṣe. Kò bá a wí. Kò lé ẹ̀mí kankan jáde lára rẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn, ó jí i, ó gbé oúnjẹ gbígbóná àti omi fún un, ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún gbé oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọ̀nà tó kù jìn fún un. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i dé lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó gbààwẹ̀ nígbà tí kò tíì jẹun dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó jẹun, kó sùn, kó rí dókítà, kí ẹnikẹ́ni má sì dè é mọ́lẹ̀ tàbí nà án.

Ọ̀rọ̀ oògùn oko tún wà. Ní agbègbè tí iṣẹ́ oko pọ̀ sí káàkiri ayé, oògùn tí a ń fín sí koríko àti kòkòrò wà lára ohun tó ń pa àwọn tó wà nínú irú wàhálà yìí jù, nítorí pé ó wà nítòsí nígbà tí èrò náà bá dé. Orílẹ̀-èdè Sri Lanka, tí àwọn náà jẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fòfin de àwọn tó burú jù nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ikú irú èyí wálẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1995 àti 2015, ẹ̀mí tó tó 93,000 ni wọn kò pàdánù. Ìkórè wọn kò sì tìtorí rẹ̀ dínkù. NAFDAC náà ti fòfin de díẹ̀ lára wọn níbí. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ ni kí ìlú ní ìlànà: kí oògùn oko má sùn nínú ilé tí ènìyàn ń sùn, kí àwọn tó ń tà á má tà á fún ọmọdé tàbí fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá, kí ẹbí tó bá ní ẹni tí ayé sú sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹni tó bá fẹ́ kú á wá ọ̀nà mìíràn. Ti Sri Lanka fi hàn pé ọ̀pọ̀ kì í wá a. Wákàtí kan tí ohun náà kò sí nítòsí ti tó fún ẹlòmíì láti kan ilẹ̀kùn.

Nípa ti òfin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Abala 231 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń lò, tí Kogi wà lára wọn, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tó ọdún kan, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Òfin àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Àwọn tó gbé irú rẹ̀ wá ti pa á rẹ́ nílẹ̀ tiwọn ní 1961. Ghana pa tiwọn rẹ́ ní 2023. Ìjọba àpapọ̀ wa pàápàá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 2024 láti wo bí a ṣe máa yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin tí àwọn aṣòfin wa ń wá kí láàfin, ẹ bi wọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kí ẹ sì sọ fún DPO ìlú yín pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀daràn.

Ẹ ó bi mí pé ta ló máa tọ́jú gbogbo wọn. Àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. Ẹni tó bá nílò wọn níhìn-ín, Ìlọrin tàbí Lokoja ni, lórí ọ̀nà tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ́n, tí ẹ̀rù ajínigbé sì wà níbẹ̀. Irú wàhálà yìí ni dókítà Dixon Chibanda bá ní Zimbabwe. Aláìsàn rẹ̀ kan, ọmọbìnrin, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi wá sí ilé ìwòsàn. Ní 2006, ó kó ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní ìlú Harare, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó ti ènìyàn, bí wọ́n ṣe máa béèrè, bí wọ́n ṣe máa bá a to ìṣòro rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kó lè mú ọ̀kan tó lè ṣe nǹkan sí. Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ni wọ́n ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn 573, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin baba wa, kí ni Zimbabwe ní tí Okun kò ní? Àwọn ìyá wa ń jókòó lábẹ́ igi tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tí kò tíì jáde láti àárọ̀. Ẹ̀kọ́ díẹ̀ àti àṣẹ láti ọ̀dọ̀ yín ló kù.

Ìwádìí kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe é ní Brazil, Íńdíà, Sri Lanka, Ìráànì àti Ṣáínà pẹ̀lú ènìyàn 1,867 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú láti pa ara wọn. Apá kan gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Fún apá kejì, wọ́n jókòó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kó tó lọ sílé, lẹ́yìn náà wọ́n ń pè é tàbí kí wọ́n lọ kí i, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láàárín ọdún kan ààbọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú apá àkọ́kọ́, ẹni 18 ló tún wá fi ọwọ́ ara wọn kú. Nínú àwọn tí wọ́n ń kí, ẹni 2. Kíkí ni, ẹ̀yin baba wa. Àwa tí ìkíni jẹ́ orúkọ wa, tí gbogbo ayé fi ìkíni mọ̀ wá ní Okun, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ó máa yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà aláìsàn nítorí pé àìsàn rẹ̀ ń tì wá lójú.

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ fún mi láyè kí n yíjú sí ẹnì kan díẹ̀. Ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí tí ọ̀rọ̀ mi ń bá wí, ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ òní ni ó le jù, má dá wà. Lọ jókòó sí ibi tí ènìyàn wà, kódà bó jẹ́ lẹ́bàá ẹni tó ń din àkàrà. Jìnnà sí ohunkóhun tí o lè fi pa ara rẹ lára. Fi í fún ẹlòmíì. Wá ẹnì kan ṣoṣo, kó má jẹ́ ẹni tó gbọ́n jù, kó ṣáà jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀, sọ fún un pé, "Mo ń rò ó láti pa ara mi, má fi mí sílẹ̀." Bí o kò bá rí ẹnikẹ́ni, lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ jù tí kì í ti ilẹ̀kùn lóru, wí ọ̀rọ̀ kan náà fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ MANI àti SURPIN, tí wọ́n ń ran ẹni tó wà nínú irú wàhálà yìí lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú kì í ti èmi láti gbọ́ ọ, kò sì yẹ kó ti ìwọ láti sọ ọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin baba. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún jókòó pọ̀ ní ìgbìmọ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Kí ẹ fagi lé owó ètùtù àti ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹbí tó ṣọ̀fọ̀ irú rẹ̀, kí ẹbí lè gbé òkú wọn wálé kí wọ́n sì sunkún rẹ̀ bí ènìyàn. Bí ìlú kan bá ní ètùtù tí kò lè ṣe kó má ṣe, kí ààfin san án, kí wọ́n sì ṣe é jẹ́ẹ́. Kí ìjòyè kan láti ààfin lọ kí ilé náà ní ọjọ́ kẹta, kí gbogbo àdúgbò rí i pé ó lọ. Kí ẹ bá àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké wa ní ìtọ́jú ìsoríkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ìlànà fún un láti 2010, èyí tí nọ́ọ̀sì lásán lè lò. Kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè sára ògiri ààfin, sí ọjà, sí gáréèjì, kí ẹnì kan sì kọ́kọ́ pè é wò kí ẹ tó kọ ọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni àgbáyé ń fi ṣe ìrántí ọ̀rọ̀ yìí láti 2003. Bí ẹ bá gbà, kí aago ìlú lù ní gbogbo ilẹ̀ Okun lọ́jọ́ náà, kí akígbe sọ fún wọn ní èdè àdúgbò wọn pé ọba ní kí ẹni tí ayé sú má dákẹ́. Mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀. A ṣe tán láti wá kọ́ àwọn ìyá àgbà àti àwọn ìjòyè ní ìlú tó bá ránṣẹ́ pè wá, a kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ fún wa ní àga àti ibi tí òòrùn kò ní pa wá.

Èmi ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, láti Ìyàgbà.